Kí Ló Ń Lé Àbọ̀-Eré Jáde Nílé Sinimá?

Ọkùnrin mẹkáníìkì kan wà tí kì í wo fíìmù dópin. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, bí aago mẹ́ta ọ̀sán bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, yóò wẹ̀, yóò fi ọṣẹ bó epo dúdú kúrò léèékánná, òun àti ìyàwó rẹ̀ yóò sì lọ sí ilé sinimá tó wà ní ìkòríta. Àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù ni tirẹ̀. Kí eré tó parí, àga náà á ti ṣófo, ìyàwó nìkan ni yóò wo ìyókù.

Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Àbọ̀-Eré. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé àwọn oníbàárà rẹ̀ kò rántí èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́.

Àwáwí kì í wọ́n ọn. Lọ́sẹ̀ yìí, àwòrán kò mọ́lẹ̀ tó. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹni tó ṣe bí adájọ́ kò mọ eré ṣe. "Ara mi ò gba ìranù," ni yóò máa wí. Àwọn kan sì gbà pé ojú rẹ̀ là ju tiwọn lọ ni. Inú rẹ̀ a máa dùn bí ó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí agbéraga ni.

Ṣùgbọ́n kí ló ń lé e jáde gan-an?

Nígbà kan rí, ọkùnrin yìí fẹ́ràn fíìmù ju oúnjẹ lọ. Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn nìyẹn, nígbà tí òun àti àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan. Wọ́n ní òfin kan láàárín ara wọn. Ẹni tó bá fi sípánà yí nọ́ọ̀tù táyà le ni yóò fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sára irin táyà náà, kí ẹnì kejì lè mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Ṣọ́ọ̀kì funfun ni ti ẹ̀gbọ́n, búlúù ni ti àbúrò.

Ní Sátidé kan, olùkọ́ obìnrin kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n ló dá táyà padà sí i lẹ́sẹ̀. Aago mẹ́ta ti fẹ́ lù, fíìmù tuntun sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tù, ó ní bí òun bá dé òun á fi sípánà fún un le, ó sì sáré lọ. Kò fa ilà kankan. Àbúrò rẹ̀ kò sí ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti lọ ra gírísì. Nígbà tí olùkọ́ dé, ó rí ọkọ̀ rẹ̀ tó ti dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó bá gbé e lọ. Kò tíì rìn jìnnà tí táyà fi yọ. Orúnkún obìnrin náà fọ́, ọ̀pá ló sì fi ń rìn títí di òní.

Wọ́n yí táyà náà padà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n dé láti ilé sinimá, ó bá a níbẹ̀, kò sí ẹlòmíràn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó mú ṣọ́ọ̀kì búlúù, ó fa ilà sára irin náà.

Nígbà tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ mẹkáníìkì pé jọ, àbúrò búra pé òun kò fọwọ́ kan ọkọ̀ yẹn. Wọ́n wo ilà búlúù náà, wọ́n sì kọjú sí ẹ̀gbọ́n. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ.

"Ṣọ́ọ̀kì kì í parọ́."

Wọ́n lé àbúrò kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sí ìlú mìíràn, ó ń kó búrẹ́dì sọ́kọ̀ nílé búrẹ́dì kan. Ìyá wọn gba irọ́ náà gbọ́. Kò jẹ́ kí wọ́n dárúkọ ọmọ náà létí òun mọ́.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n kò ti gbádùn fíìmù mọ́. Kò kúkú lè ṣíwọ́ lílọ. Ó rò ó pé bí òun bá ṣíwọ́, ẹnì kan á béèrè ìgbà tí òun ti ṣíwọ́, ẹni náà á sì ka ọjọ́ padà sẹ́yìn. Nítorí náà ó ń lọ. Ṣùgbọ́n bí eré bá ti dé ibi tí ẹnì kan fẹ́ la ẹnu sọ òótọ́ níwájú ẹbí rẹ̀, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì. Ta ló sọ fún àwọn tó ṣe fíìmù yìí? Kí ló dé tí ìyàwó mi fi wúkọ́ níbẹ̀ yẹn? Kí ni ẹni tó wà lẹ́yìn mi ń sọ sétí ẹnì kejì rẹ̀? Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Yóò dìde, yóò jáde.

Bàbá àgbàlagbà kan ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ilé sinimá náà. Onígbàgbọ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ní Sátidé kan, bí Àbọ̀-Eré ti ń jáde, bàbá náà pè é.

"Ọmọ mi, má bínú o. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣílẹ̀kùn fún ọ. Bí wọ́n bá ń para wọn nínú fíìmù, o kì í jáde. Bí wọ́n bá ń jalè, wàá jókòó, wàá tún máa rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ẹnì kan bá fẹ́ jẹ́wọ́ nìkan ni mo máa ń rí ẹ̀yìn rẹ. Kí ló dé?"

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ máa ṣọ́ mi?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde."

"Kí ni wọ́n sọ fún yín?"

"Àwọn wo?" ni bàbá béèrè.

Àbọ̀-Eré kọjá lára rẹ̀. Ó yára lọ sílé, ó jókòó sí pálọ̀, ó ń rò ó. Bàbá yìí kò lè fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ló sọ fún un. Ta ló sì ń sún mọ́ òun tó bẹ́ẹ̀, bí kò bá ṣe ìyàwó òun? Òun a máa sọ̀rọ̀ lójú oorun nígbà mìíràn. Obìnrin náà ti gbọ́ nǹkan, ó ti lọ rojọ́.

Ìyàwó wọlé lẹ́yìn tí fíìmù parí. Kò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi dojú kọ ọ́.

"Kí lo lọ sọ fún bàbá onítíkẹ́ẹ̀tì?"

"Nípa kí ni, Bàbá Ìbejì?"

"Má díbọ́n. Ìwọ lo sọ fún un pé èmi ni mo fa ilà yẹn, pé kì í ṣe àbúrò mi."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Obìnrin náà rọra jókòó. Ojú rẹ̀ fi hàn pé òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí láyé òun. Ọkọ rí i, ó fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ṣùgbọ́n ó ti jáde.

"Ẹ̀yin lẹ fà á," ni ìyàwó wí. "Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń gbàdúrà nínú ilé yìí kí Ọlọ́run dárí ji àbúrò yín. Ẹ máa ń jókòó tì mí. Ẹ máa ń ṣe àmín."

Ó dìde, ó lọ sí yàrá àwọn ọmọ. Kó tó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ lọ sọ fún ìyá yín. Bí ẹ ò bá sọ ọ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, èmi á kó àwọn ọmọ mi lọ, mi ò sì ní padà."

Ọjọ́ mẹ́ta ni ọkùnrin náà kò fi lè jẹun. Ní ọjọ́ Túsìdé, ó gba ilé sinimá lọ lọ́sàn-án gangan. Kì í ṣe ìgbàlà ló ń wá o. Ó fẹ́ lọ kìlọ̀ fún bàbá náà kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Kò sí fíìmù lọ́jọ́ náà. Gbogbo ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, bàbá ń gbálẹ̀ láàárín àga.

"Ọmọ mi," ni bàbá wí, "kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun fún mi. Ojú rẹ ló ń sọ ọ́. Wá jókòó."

Ó jókòó. Kò mọ ìgbà tó bú sẹ́kún. Ó sọ ti táyà, ó sọ ti ṣọ́ọ̀kì, ó sọ ti àmín tó ń ṣe.

Bàbá gbé ìgbálẹ̀ ti àga kan. "O ti ń jáde kúrò níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ń sọ òótọ́," ó ní. "Jésù kò jáde. Gbogbo ohun tí o ṣe ni Ó rí, Ó sì rí tèmi náà. Wọ́n kàn Án mọ́ igi nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Wọ́n ń fi Í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí Ó bá lágbára kí Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó lágbára, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ó gba ìyà tó tọ́ sí wa, títí ó fi parí. Bí ẹnì kan bá mọ ohun tí ojú àbúrò rẹ rí, Òun ni."

Ara ṣì ń fu ọkùnrin náà. "Kí ni Ó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

"Òótọ́. Òun á dárí jì ọ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n kò ní bá ọ bo irọ́ yẹn mọ́lẹ̀."

Ó kúnlẹ̀ sáàárín àga méjì. Àdúrà rẹ̀ kò gùn. "Jésù, òpùrọ́ ni mí. Mo fi ẹ̀ṣẹ̀ mi lé ọmọ ìyá mi lórí. Dárí jì mí, má jẹ́ kí n sá lọ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá dìde. Ó wọ bàtà, ó jókòó sínú ọkọ̀, ó ń dúró kí wọ́n gbé òun lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun.

Wọ́n bá àbúrò nínú ilé búrẹ́dì, ó ń to búrẹ́dì tí yóò kó sínú ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò lórí ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀.

"Èmi ni mo fa ilà yẹn," ó wí.

"Mo mọ̀," ni àbúrò dáhùn. "Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Ilà tèmi kì í tẹ̀ sí apá tí ìyẹn tẹ̀ sí. Bí mo ṣe rí i ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́?"

"Ta ni ì bá gbà mí gbọ́? Ẹ̀gbọ́n mi ni yín." Ó fi ọwọ́ han àpótí kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. "Ẹ dìde, ẹ jókòó síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi pọ̀."

Ó sì sọ ọ́. Ó sọ ibi tó ń sùn ní ọdún àkọ́kọ́. Ó sọ ti ọmọbìnrin tí àwọn òbí rẹ̀ kọ̀ láti fún un, nítorí wọ́n gbọ́ pé àìbìkítà rẹ̀ sọ ẹnì kan di arọ. Ó sọ ti lẹ́tà tó kọ sí ìyá rẹ̀ tí kò rí èsì. Ìyá ń sunkún. Lẹ́ẹ̀mejì ni ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n fẹ́ gbé e dìde, ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí lẹ́yìn rẹ̀. Kò dìde. Ó gbọ́ ọ tán, èyí tó dùn ún jù lọ pàápàá.

Nígbà tó parí, àbúrò nu ojú. "Mi ò tíì mọ bí n ó ṣe dárí jì yín tán," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ padà wá."

Ó padà lọ, lọ́pọ̀ ìgbà. Ó dúró níwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́, ó tún dúró níwájú olùkọ́ tó ń fi ọ̀pá rìn náà, ó sọ ọ́ bó ti rí. Wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń sùn báyìí, kì í sì í fura sí ẹnikẹ́ni mọ́ pé ó ń ṣọ́ òun.

Ìwọ tí o mú ìwé yìí lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kí o máa fura sí ẹni tó fún ọ. O ń rò pé ó ti gbọ́ nǹkan nípa rẹ. Kò gbọ́ nǹkan kan. Èmi tí mo kọ ọ́ kò mọ̀ ọ́ rí. Bí àyà rẹ bá ń lù bí o ti ń kà á, Ẹ̀mí Ọlọ́run ló ń kanlẹ̀kùn, kì í sì í ṣe láti dójú tì ọ́ ló fi wá.

Gbogbo nǹkan ni Jésù mọ̀, Ó sì fẹ́ràn rẹ síbẹ̀. Jẹ́wọ́ fún Un níbi tí o wà yìí, má wá ọ̀rọ̀ dídùn kiri. Lẹ́yìn náà, kí oòrùn òní tó wọ̀, dìde lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó ti mọ̀ tipẹ́, kó sì jẹ́ pé ìwọ ló ń retí.