Wọ́n Á Wá Mú Onítìjú

Ọjọ́ kẹtàlélógún tí ajá náà dé ṣọ́ọ̀bù ni ó kọ́kọ́ ju ìrù, àga òfìfo ló sì jù ú sí.

Télọ̀ rí i kedere. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, òun sì ń rán apá ẹ̀wù kan lórí máṣíìnì. Ajá náà rọra jáde lábẹ́ tábìlì tí wọ́n fi ń géṣọ, níbi tó sá sí láti ọjọ́ tó ti dé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ télọ̀ kọjá bí ẹni pé ẹsẹ̀ tábìlì ni. Ó lọ dúró níwájú àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, ó gbójú sókè, ìrù rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń bọ̀. Kò sẹ́ni lórí àga náà. Télọ̀ dá máṣíìnì dúró. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé, èmi ńkọ́?

Obìnrin yìí ti lé ní àádọ́ta ọdún. Òun nìkan ló ń gbé yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kò lọ́kọ, kò bímọ, ẹni tó bá sì fẹ́ káàánú rẹ̀ nítorí ìyẹn á gbọ́ ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu rẹ̀. Dókítà ẹranko kan tó máa ń ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló gbé ajá náà wá nínú páálí. Ó ní inú ilé kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì làwọn ti yọ ọ́, ó kù díẹ̀ kí ebi lù ú pa.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á sọ́dọ̀ títí mo fi máa rílé fún un," dókítà ní. "Ojú ló ń tì í. Kì í géèyàn jẹ."

Bó ṣe di Onítìjú nìyẹn. Télọ̀ ò fiṣẹ́ ṣeré lórí rẹ̀. Ó kó àjákù àrán tó dára jù lọ jọ, ó fi ṣe ibùsùn fún un. Ó ń jókòó sórí símẹ́ńtì tútù, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún, ó ń na ẹran sí i títí ọwọ́ rẹ̀ á fi kú. Onítìjú kì í jẹun àfi tí télọ̀ bá kẹ̀yìn sí i. Síbẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, télọ̀ ti fẹ́ràn rẹ̀ kọjá ààlà. Nígbà tí káfíńtà tó ní àgbàlá ńlá wá wò ó, télọ̀ ní ajá náà máa ń géèyàn jẹ. Nígbà tí tíṣà kan wá, ọlọ́mọ mẹ́ta, télọ̀ ní ó lárùn ara tó máa ń ran ọmọdé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ń dáàbò bò ó ni. Irọ́ ni. Òwú ni télọ̀ ń rán, ṣùgbọ́n owú ló ń jẹ.

Láti ọjọ́ tí a wí yìí, kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí Onítìjú kì í lọ síwájú àga náà. Télọ̀ á máa wò ó láti ẹ̀yìn máṣíìnì. Irun orí ajá náà á tẹ́ sẹ́yìn, á dìde, á tún tẹ́, bí ìgbà tí ọwọ́ bá ń gba orí rẹ̀ kọjá. Òórùn róòbù á gba inú ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ télọ̀ kì í ra róòbù. Ó gbé àga lọ sí kọ̀rọ̀, ajá tẹ̀ lé e lọ sí kọ̀rọ̀. Ó kó aṣọ oníbàárà lé e lórí gègèrè. Nígbà tó fi máa pọnmi dé, gbogbo aṣọ náà ti wà nílẹ̀, kíká ni wọ́n ká wọn, apá wọn wà nínú, etí wọn dọ́gba. Télọ̀ fúnra rẹ̀ kò lè ká aṣọ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíì ì bá ti kẹ́rù rẹ̀ jáde. Ní ti télọ̀, owú ò jẹ́ kẹ́rù ráyè. Ó rìn lọ bá àga náà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá orogún jà tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́.

"Ta ló ń fún un lóúnjẹ?" ó bi í. "Ta ló ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ẹ̀? Ìwọ tó ò ń fọwọ́ pa á lórí, tó bá jẹ́ tìẹ ni, wá mú un lójú mi. Gba ẹnu ọ̀nà wọlé bí èèyàn."

Àga náà dún, bó ṣe máa ń dún tí oníbàárà bá dìde. Ojú Onítìjú tẹ̀ lé nǹkan kan dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nínú ọ̀fun. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni dókítà pè é lórí fóònù.

"Àǹtí, mo ti rílé fún Onítìjú. Wọ́n á wá mú un lọ́la, ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Ẹ dákun, ẹ má sọ fún wọn pé ó ń géèyàn jẹ o. Káfíńtà ti rojọ́ yín fún mi."

Ojú ti télọ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Bí dókítà ṣe ń wí pé "wọ́n, wọ́n" yẹn, àgbàlagbà kan ni télọ̀ fojú inú rí, ó sì ti ń jowú onítọ̀hún kó tó rí i.

Nígbà tó di ọ̀la, Onítìjú ò jáde lábẹ́ tábìlì rárá. Télọ̀ ti oúnjẹ sí i lọ́sàn-án, kò gbọ́ kó jẹ ẹ́. Inú ló ń bí i, torí náà kò bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ní ẹni tó fẹ́ lọ, kó máa lọ.

Aago mẹ́rin lù, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Òórùn róòbù ló kọ́kọ́ wọlé, ìyá arúgbó kan sì tẹ̀ lé e. Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, irun wọn funfun, ó sì tẹ́ mọ́ orí. Ojú télọ̀ lọ síbi tí ojú télọ̀ máa ń lọ. Aṣọ tuntun ni ẹ̀wù wọn, ó bò wọ́n dé ẹsẹ̀, kò lápò, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ ta á gàn-ùn gàn-ùn bí aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò ní í fọ̀. Ọ̀lẹ wo ló rán èyí, ó rò ó nínú.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé ẹ̀yin lẹ wá mú ajá?"

"Èmi ni, ọmọ mi. O ní kí n wá."

Télọ̀ rò pé àṣìsọ ni, pé dókítà ni wọ́n fẹ́ sọ. Kó tó dá wọn lóhùn, Onítìjú ti jáde. Ó sáré, ajá tí kì í sáré. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí, ajá náà sì ké wẹ́ẹ́rẹ́ bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Télọ̀ so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò fi okùn sílẹ̀.

"Mo tọ́jú ẹ̀ dáadáa, mà," ó ní.

"Mo mọ̀. Mò ń wò ọ́." Wọ́n na ọwọ́, ọwọ́ náà tutù. "O ṣeun. A máa padà wá dúpẹ́."

Télọ̀ fi okùn sílẹ̀. Ìyá náà yí padà láti máa lọ, ìgbà yẹn ló rí ẹ̀yìn ẹ̀wù wọn. Wọ́n là á láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta péré ló dì í mú. Irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo ni télọ̀ ti gé rí láyé rẹ̀. Ìyá tirẹ̀ tó kú ló gé e fún, nígbà tí apá òkú náà kò ṣeé ká mọ́ láti wọ̀ ọ́ láṣọ.

Onítìjú kò wẹ̀yìn. Owú ló kọ́kọ́ gún télọ̀ láyà, kí ẹ̀rù tó dé.

Ó ṣì wà lórí ìdúró nígbà tí dókítà wọlé, tòun ti ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ tó mú okùn ọrùn tuntun dání.

"Àǹtí, ẹ má bínú pé a pẹ́ díẹ̀," dókítà ní. "Ajá wa dà?"

"Wọ́n ti mú un lọ."

"Àwọn wo? Àwọn rèé. Tọkọtaya ni mo sọ pé wọ́n á wá."

"O ò sọ tọkọtaya. 'Wọ́n' lo wí." Télọ̀ nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Ìyá arúgbó kan ni. Wọ́n ga, wọ́n ń rùn fún róòbù."

"Ìyá kan bẹ́ẹ̀ ló ni í," dókítà ní. "Orí bẹ́ẹ̀dì la ti bá òkú wọn nínú ilé yẹn, ajá yìí sùn tì wọ́n. Mi ò sọ fún yín kẹ́rù má bàa bà yín."

Ó kúnlẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì, ó sì na apá méjèèjì síbẹ̀. Onítìjú ló gbé jáde lórí àrán. Gbogbo ara rẹ̀ ti le gan.

"Kò lè dín ní wákàtí mẹ́rin tó ti kú," ó ní.

Tọkọtaya náà fi ẹ̀yìn rìn jáde. Télọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àgbàlá káfíńtà wá sí i lójú, àti àwọn ọmọ tíṣà mẹ́ta. Ká ní ó jẹ́ kí wọ́n mú un ni, ì bá wà láàárín àwọn alààyè lónìí. Òun ló dá a dúró títí ẹni tó ni í fi ráyè wá, òun náà ló sì fẹnu ara rẹ̀ pè wọ́n. Ó sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Dókítà fà á dìde. "Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀kùn, Àǹtí, ká máa lọ sílé mi."

Télọ̀ nu ojú, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó sì fi bíríkì dá a dúró.

"Jẹ́ kó wà ní ṣíṣí. Wọ́n ní àwọn máa padà wá dúpẹ́."

"Àwọn wo?"

"Àwọn méjèèjì."