Òtútù Wọ Ilé Aláàsọtẹ́lẹ̀ Ogun

Oòrùn ọ̀sán ń jó páànù gbogbo ìsọ̀ ní Ọ̀fà, ṣùgbọ́n rédíò Alhaja Hàlímàt tutù bí irin nínú ọyẹ́. Ó fọwọ́ kàn án, ó yára fà á sẹ́yìn. Ohùn Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀délé ló ń jáde nínú rẹ̀. Alhaja kórìíra ohùn yẹn ju gbogbo ohùn ayé lọ, síbẹ̀ kì í jẹ́ kó kọjá òun ní Sátidé kankan.

Tíṣà ni Ayọ̀délé ní pólì. Lórí rédíò ló ti máa ń sọ orílẹ̀-èdè tó máa gbógun wọ èkejì àti èyí tí kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí Ọ̀fà àti Ẹ̀rìn-Ilé máa tún bínú síra wọn lórí ilẹ̀, òun ló wá mọ inú ààrẹ òyìnbó! Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, Alhaja fóònù sí ètò náà. Ó ní Habeeb, ọmọ òun kan ṣoṣo, ń kàwé nílẹ̀ òtútù, wọ́n sì ti kó sójà wá sí bodè ibẹ̀. Ṣé kóun pè é wálé?

Ayọ̀délé rẹ́rìn-ín. "Ìhàlẹ̀ lásán ni, Alhaja. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ jẹ́ kọ́mọ yín wà níbi tó wà."

Alhaja gbọ́ràn. Ogun dé. Òtútù pa Habeeb níbi tó ti ń fẹsẹ̀ sá lọ, wọn ò sì rí òkú rẹ̀ gbé wálé.

Níbi àdúrà fídáù, àfáà ní kí ẹni tó bá ṣẹ òkú wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ayọ̀délé. Ó ní àsọtẹ́lẹ̀ kì í ṣe ìbúra, kò yọjú. Àfáà wá bẹ Alhaja pé kó ṣáà dárí jì í, kí òkú lè sùn. Gbogbo èèyàn ṣe àmín. Alhaja nìkan ni kò ṣe é.

Lónìí, orílẹ̀-èdè méjì mìíràn ni Ayọ̀délé ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹnì kan fóònù wọlé. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

"Ẹ káàsán, sà. Wọ́n ti kó sójà wá sí bodè wa. Ṣé kí n dúró ni àbí kí n máa bọ̀ nílé?"

Alhaja dìde dúró. Ta ní máa kọ́ ìyá ní ohùn ọmọ rẹ̀?

Ti àtẹ̀yìnwá ti kọ́ Ayọ̀délé lọ́gbọ́n. "Má dúró o! Máa bọ̀ nílé, ọmọ mi. Máa bọ̀ kíákíá!"

"Ẹ ṣé, sà. Mo ti ń bọ̀."

Rédíò kú.

Kí wọ́n tó kírun àlàásárì, fóònù Alhaja dún. Ayọ̀délé ni, ẹkún ló ń sun.

"Alhaja, ẹ gbà mí! Ọmọkùnrin kan wọlé bá wa, yìnyín bo gbogbo ara ẹ̀. Ó ní Habeeb lòún ń jẹ́, pé èmi ni mo pe òun wálé. Ó ti lọ dùbúlẹ̀ ti Ìbùkúnolúwa ọmọ mi, ọmọ náà sì ń tutù lọ. Ẹ dárí jì mí, ẹ wá bá mi pè é!"

Alhaja rẹ́rìn-ín, bí ọkùnrin náà ṣe rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí gẹ́lẹ́.

"Ìhàlẹ̀ lásán ni, sà. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ jẹ́ kọ́mọ yín wà níbi tó wà."

Ó pa fóònù. Inú rẹ̀ dùn, ó dùn dọ́ba. Ó jáde síwájú ìsọ̀ láti gba atẹ́gùn, ibẹ̀ ló ti rí ipa ẹsẹ̀ tútù kan lórí eruku. Ipa ẹsẹ̀ náà gba iwájú ìsọ̀ kọjá, kò yà, ó kọrí sọ́nà pólì, níbi tí ilé Ayọ̀délé wà.

Habeeb ti dé Ọ̀fà. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní kó máa bọ̀ nílé ló lọ. Lọ́jọ́ tí ogun ń bọ̀, ìyá rẹ̀ ò pè é.

Alhaja pe orúkọ ọmọ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ipa ẹsẹ̀ yẹn ò padà.