Onígbàjámọ̀ Tó Fi Irun Bo Ètè

Onígbàjámọ̀ kan gbé ọmọ àbúrò rẹ̀ lọ sí ọsibítù, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ètè ọmọ náà ti là látinú oyún, ó là wọ àjà ẹnu.

Obìnrin náà kì í ṣe dókítà, ìṣirò niṣẹ́ rẹ̀. Á ya fọ́tò ojú ọmọ àti ti ẹbí, á fi àmì tíntìntín sí igun ojú, imú àti ètè lórí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà á sọ ojú ńlá àti kékeré di ọgbọọgba, á na èyí tó dagun, títí yóò fi ku ìrísí nìkan. Ohun tí ojú àwọn ẹbí tí ètè lílà wà nínú ìran wọn fi jọra ló ń wá.

Ó ní kí onígbàjámọ̀ fá irun òkè ètè rẹ̀, kóun lè ráyè fi àmì sí i. Ọkùnrin náà kọ̀. Òun tó ń fá irùngbọ̀n gbogbo àdúgbò, abẹ kò kan tiẹ̀ rí. Àpá wà lábẹ́ rẹ̀: wọ́n ti rán ètè òun náà lọ́mọ ọwọ́.

Síbẹ̀, òun ló ń gbé ọmọ lọ ọsibítù nígbà gbogbo. Àbúrò rẹ̀ ní àṣé ọmọ òun ti di alárinà. Ojúlùmọ̀ di ìfẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó síwájú dígí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fá irun náà dànù, ó sì lọ bá a.

Obìnrin náà wò ó títí. "Ṣé torí iṣẹ́ mi lo ṣe fá a?"

"Rárá, olólùfẹ́ mi. Kó o lè mọ ẹni tó o fẹ́ fẹ́ ni."

Ìyá obìnrin náà ló fárígá. Ó ní ọkùnrin náà ò ṣẹ òun, àmọ́ ṣé ojú ọmọ-ọmọ òun ni wọ́n fẹ́ fi ta tẹ́tẹ́? Kí onímọ̀ ìṣirò lọ ṣírò ìyẹn.

"Mo ti ṣírò ẹ̀, Màámi," ọmọ rẹ̀ fèsì. "Ewu díẹ̀ wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìṣirò mi, kò lè sọ ti ọmọ kan ṣoṣo. Ẹni tí ọkàn mi fẹ́ ni mo mọ̀."

Oṣù ń gorí oṣù, ìyá ò yí ohùn padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dá wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó tẹjú mọ́ ètè onígbàjámọ̀.

"Nígbà tí wọ́n rán an, ṣé ó dùn ẹ́?"

"Mi ò rántí, mà. Ìyá mi ló rántí. Wọ́n ní orí ìdúró làwọn wà títí táwọn dókítà fi gbé mi jáde."

Omi lé ròrò sójú ìyá obìnrin náà. Ó dìde.

"Mú mi lọ kí ìyá ẹ," ó ní. "Kò dáa káwa àna má mọ ara wa."