Ilé Alágbàfọ̀, Ọmọ Méje

Ojú ọ̀tún ọkùnrin kan ni obìnrin kan kọ́kọ́ rí bó ṣe ń wọ Ilé Àkọsílẹ̀, ojú náà sì tó ojú ènìyàn mẹ́ta. Ọkùnrin náà ti ki awò kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe fi ń wo inú aago bọ ojú kan, ó dojú bo ìwé ìgbéyàwó àtijọ́ lórí tábìlì. Nígbà tó gbórí sókè láti wo ẹni tó ń wọlé, ńṣe ni ojú yẹn là gbàǹgbà lẹ́yìn awò bí ẹni pé ó fẹ́ rí inú ọkàn onítọ̀hún. Obìnrin tó ń wọlé gbé ìwé ńlá mẹ́ta dání, díẹ̀ ló kù kí gbogbo wọn já bọ́. Ẹ̀rín fẹ́ pa á. Àfi bí ó ṣe rí ọkùnrin náà tí ó gbé ìka sẹ́nu láti fi itọ́ ṣí ojú ìwé, ẹ̀rín bá wábi gbà.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ má fi itọ́ kàn wọ́n. Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún àwọn yẹn tán."

Ọkùnrin náà wo ìka rẹ̀, ó wo ìwé, ó sì rọra fi ìka náà nu ṣòkòtò. "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n," ni ó wí. "Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti múra."

Iṣẹ́ obìnrin náà ni títún ìwé ṣe ní Ilé Àkọsílẹ̀. Ìwé tí ikán jẹ, ìwé tí òjò pa, ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbẹ̀yìn sí, òun á sì fi bọ́rọ́ọ̀ṣì tí kò nípọn ju ìrù eku lọ tọ́jú wọn ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ó ti lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rù àwọn ìwé náà kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ìlà kan péré nínú ìwé ìkànìyàn, ènìyàn odindi ni. Ẹnìkan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ́jọ́ kan báyìí, ó sọ orúkọ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnu tó sọ ọ́ ti di erùpẹ̀, kò sí ẹni tó wà láyé tó mọ bí ohùn rẹ̀ ti rí, orúkọ náà sì wà níbẹ̀ tó ń dúró. Nígbà mìíràn ó máa ń kí wọn kó tó ṣí ìwé, tó bá ku òun nìkan.

Ọkùnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ti ń tún aago ṣe, Aláago ni gbogbo àdúgbò sì mọ̀ ọ́n sí. Ìyá rẹ̀ ló rán an wá. Ọmọ ọwọ́ ni ìyá yìí nígbà tí ìyá tirẹ̀ kú, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ju orúkọ rẹ̀ àti òpópónà tí wọ́n ti bí i lọ. Ní báyìí tí àgbà ti dé, ó ní òun kò fẹ́ fi ayé sílẹ̀ láìmọ ẹni tó bí ìyá òun. Aláago sọ èyí bí ẹni tí kò kà á sí, àmọ́ Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ rí i pé ó ti ń ṣí ojú ìwé mìíràn kó tó sọ ọ́ tán.

Bí Aláago ṣe di ará ilé nìyẹn. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń ti ṣọ́ọ̀bù pa tó ń bọ̀. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kọ́ ọ bí a ṣe ń ka ọwọ́ àwọn akọ̀wé àtijọ́. Òun náà sì tún aago ara ògiri ṣe, aago tó ti ń parọ́ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ti lè rántí, àwọn òṣìṣẹ́ sì bínú sí i, nítorí kò sí ẹni tó tún lè pẹ́ dé kó ní aago ló tàn òun. Nígbà tó di oṣù kẹta, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yára ṣí ìwé mọ́. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa sọ̀rọ̀. Aláago sọ fún un pé òun fẹ́ràn bó ṣe máa ń fi ọwọ́ méjèèjì pa ìwé dé, bí ẹni tó ń daṣọ bo ọmọ tó sùn. Kò sí ẹni tó tíì rí ìyẹn lára rẹ̀ rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Aláago yọ awò kúrò lójú. "Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, ìwé wo ni wọ́n máa ń kọ orúkọ ènìyàn méjì sí ní ìlà kan ṣoṣo?"

"Ìwé ìgbéyàwó ni. Ṣé wọn ò sọ fún ẹ ni?"

"Mo gbọ́. Ṣé ìlà ṣì kù níbẹ̀?"

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì pa ìwé iwájú rẹ̀ dé. "Ó kù," ni ó wí, "ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá mi ni bírò wà, olólùfẹ́ mi."

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n rí ohun tí wọ́n ń wá. Inú ìwé ìkànìyàn kan tó wúwo bí ilẹ̀kùn ni. Wọ́n rí òpópónà náà, wọ́n ń tọ ilé kọ̀ọ̀kan bọ̀, títí wọ́n fi kan ilé kan tó wà lẹ́bàá odò. Akànìyàn ti kọ orúkọ ìyá ilé síbẹ̀, ó sì kọ iṣẹ́ rẹ̀: alágbàfọ̀, opó, ọmọ méje. Ó to àwọn ọmọ náà láti orí àgbà dé orí àbíkẹ́yìn. Ẹni karùn-ún jẹ́ ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án. Aláago fi ẹ̀yìn ìka kan orúkọ náà díẹ̀, omi lé ròrò sí i lójú. Ìyá ìyá rẹ̀ rèé, ọmọdé, láàyè, nínú ilé ìyá rẹ̀. Ó yíjú sí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kí wọ́n lè jọ yọ̀, ó sì rí i pé kò wo orúkọ yẹn rárá. Ìlà keje ló ń wò, níbi tí ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan wà.

"Bàbá tó bí bàbá mi nìyí," ni ó wí.

Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ìtàn alágbàfọ̀ yìí. Bàbá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kì í jẹ́ kí àlejò jókòó tán kó tó bẹ̀rẹ̀: bí ìyá bàbá òun ṣe fi ọwọ́ méjì lásán fọ aṣọ tọ́ ọmọ méje, tí kò sí èyí tí kò kàwé nínú wọn. Ọmọ Alágbàfọ̀ ni oríkì tí bàbá fún ara rẹ̀. Orúkọ òpópónà nìkan ni kò sí nínú ìtàn náà rí, òun àti orúkọ ìyá ìyá rẹ̀ nìkan sì ni Aláago mọ̀. Ó wá hàn kedere pé obìnrin kan náà ló wà nídìí ìdílé àwọn méjèèjì.

Wọn ò fi pamọ́. Wọ́n jọ lọ bá bàbá, tíṣà sì dìde, ó gbá Aláago mọ́ra, ó ní ẹ̀jẹ̀ òun rèé tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé. Ó bi í léèrè ìyá rẹ̀, ó ṣàdúrà, ó fa ìdílé tú láti òkè délẹ̀. Ìgbà tó yá ló wo ojú àwọn méjèèjì. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

"Háà," ni bàbá wí, ó rọra jókòó. "Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni yín. A kì í fẹ́ra ẹni."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kò bá a jiyàn, nítorí òun náà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn, pé kò rí ẹni bínú sí. Aláago kò wá mọ́. Ìyá rẹ̀ ti mọ ìyá tó bí ìyá rẹ̀, inú ìyá náà dùn, kò tún sí ohun tó lè máa wá wá. Ọjọ́bọ̀ wá di ọjọ́ tó burú jù nínú ọ̀sẹ̀. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fẹ́ràn ọkùnrin yìí gan-an, ó sì ní láti kọ́ bí a ṣe ń pè é ní ẹ̀gbọ́n.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ìwé ìkànìyàn yẹn gan-an wá sórí tábìlì rẹ̀, torí pé èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ṣí. Láyé àtijọ́, páálí tó nípọn kì í tó àwọn tó ń di ìwé lọ́wọ́. Bébà àlòkù ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ra wọn, ní ìpele-ìpele, títí yóò fi le tó láti ṣe èèpo. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ rẹ èèpo náà sínú omi lọ́wọ́ọ́rọ́, ó sì ń ṣí bébà kúrò lára bébà. Ìpele kẹta ló ti dáwọ́ dúró. Ọwọ́ akànìyàn náà ni. Ìwé tó kọ́kọ́ kọ wàràwàrà lẹ́nu ọ̀nà àwọn ènìyàn rèé, kó tó dà á kọ dáadáa sínú ìwé ńlá. Wọ́n ti kó o fún àwọn adìwé bí ìdọ̀tí. Òpópónà náà wà níbẹ̀, ilé ẹ̀bá odò wà níbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

"Alágbàfọ̀, opó. Ọmọ méje," bẹ́ẹ̀ ló kọ ọ́. "Mẹ́rin ni ó bí. Mẹ́ta jẹ́ àgbàtọ́: ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ, àti ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rin tí bàbá rẹ̀, afọ́kúta lójú ọ̀nà tuntun, fi síbẹ̀ tí kò padà wá." Ó ti fa ìlà gba orí gbogbo ọ̀rọ̀ nípa àgbàtọ́ yìí kọjá. Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Obìnrin náà bínú. Ó ní kí n pa á rẹ́, pé òun kò ní oríṣi ọmọ méjì nínú ilé òun. Mo ti pa á rẹ́."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó dà bí ẹni pé obìnrin náà wà nínú yàrá, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí omi ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń bá òṣìṣẹ́ ìjọba jà lórí ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tó dìde, ó lọ gbé ìwé ìgbéyàwó, ó ṣí ojú ewé tí wọ́n kọ ìgbéyàwó bàbá bàbá rẹ̀ sí. Níbi tí orúkọ bàbá ọkọ yẹ kó wà, orúkọ alágbàfọ̀ ló wà níbẹ̀. Níbi orúkọ ìyá ọkọ, orúkọ kan náà ni. Akọ̀wé ìgbà yẹn ti fi àmì ìbéèrè kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wá yé e pé bàbá àgbà mọ̀ pé àgbàtọ́ ni òun, kò sì sọ fún ọmọ tó bí.

Ayọ̀ kọ́kọ́ gbé e, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù dé. Kí ni yóò kù fún bàbá rẹ̀ bí a bá gba alágbàfọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó da ọ̀rọ̀ náà kọ sórí bébà, ó mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù Aláago. Aláago kà á láàárín ogójì aago tó ń dún lára ògiri, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́ padà.

"Ọkàn mi," ni ó wí, "bí a bá máa fi ìdílé bàbá yín gba ayọ̀ tiwa, mi ò ní gbà á. Bí o bá ní ká dákẹ́, màá dákẹ́ títí ayé."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, ó sì tún fẹ́ràn rẹ̀ sí i nítorí rẹ̀. "Kì í ṣe tiwa nìkan," ni ó dáhùn. "Bàbá ló ni ìtàn náà. Mi ò lè jókòó lé ìtàn bàbá mi lórí kí n sì máa kí i lójoojúmọ́."

Ó mú bàbá lọ sí Ilé Àkọsílẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó fún un ní àga, ó gbé bébà tó ti gbẹ náà síwájú rẹ̀. Tíṣà wo bébà náà fún ìgbà pípẹ́. Ètè rẹ̀ ń mì bí ó ti ń kà. Ìgbà tó kà á tán, ó tọ ìlà tí wọ́n fi pa ọ̀rọ̀ rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìfi ìka kan bébà.

"Ọmọ mélòó ló bí?"

"Mẹ́rin ni, bàbá mi."

"Mélòó ló ní?"

Omi ti ń bọ́ lójú ọmọbìnrin náà. "Méje, sà."

Tíṣà mi orí, ó sì sọkún láìfi ojú pamọ́, lọ́nà tí àgbàlagbà kì í gbà sọkún níwájú ọmọ. "Gbogbo ayé mi ni mo fi ń fọ́nnu pé ó bí wa," ni ó wí. "Mi ò mọ̀ pé ohun tó ṣe fún wa ju bíbí lọ." Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló nu ojú, ó ní wọ́n ń tan ara wọn bí wọ́n bá rò pé òun ò rí bí ọmọbìnrin òun ti rù ní oṣù mẹ́rin, kí ó lọ pe ọkùnrin aago náà wá.

Ìyá Aláago ló jókòó níwájú lọ́jọ́ tí wọ́n kọ orúkọ wọn. Akọ̀wé ìgbéyàwó bi wọ́n ní ìbéèrè tí òfin ní kí ó bi gbogbo ènìyàn: ṣé ìbátan kankan wà láàárín ọkọ àti ìyàwó? Tíṣà dìde.

"Ìyá kan náà ló tọ́ ìyá ìyá ọkọ àti bàbá bàbá ìyàwó. Ọmọ rẹ̀ ni àwọn méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ kò pa wọ́n pọ̀."

Akọ̀wé gbé gègé tàdáwà sókè. "Bàbá, èwo ni kí n kọ níbẹ̀?"

"Kọ méjèèjì," ni tíṣà wí. "Má pa ọ̀kankan rẹ́."

Àyè náà kéré, akọ̀wé fún ọ̀rọ̀ pọ̀ kó tó wọlé. Ọkọ fọwọ́ sí i, ìyàwó fọwọ́ sí i. Àwọn ará ti ń pè wọ́n látìta, akọ̀wé sì fẹ́ pa ìwé dé, àfi bí ìyàwó ṣe na ọwọ́ dí i. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ní sùúrù, pé tàdáwà ṣì tutù. Kò sí ẹni tó lè mú un kúrò níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fa àga, ó jókòó tì í, wọ́n sì jọ ń wo ìlà náà bí ó ti ń gbẹ.