Lẹ́ẹ̀dì Tí Láyí Yọ́

Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé, ọkùnrin kan tí Motọ́lání kò rí rí dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Surulere. Ó gbé àpótí irin kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn. Òógùn ti mu ẹ̀wù rẹ̀ rin, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàsán o. Láyí ńkọ́? Ẹ bá mi sọ fún un pé ampilifáyà rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀."

Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ Motọ́lání. Ìyá rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é láti ilé ìwòsàn ní Ìdí-Àràbà. Gbólóhùn méjì péré ni ìyá náà sọ kí ó tó pa fóònù.

"Láyí ti kú," ni Motọ́lání wí, bí ọmọ kíláàsì tó ń ka ìwé tí kò yé e.

Ọkùnrin náà rọra gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó jáde, ó dá kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró, ó sì padà wá mú un. Ó rí i pé sálúbàtà ẹsẹ̀ Motọ́lání kò jọra, àmọ́ kò sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìdí-Àràbà ló tó sọ pé Morákinyọ̀ ni orúkọ òun, pé òun ń tún rédíò àtijọ́ ṣe ní Mushin, àti pé odindi oṣù mẹ́rin ni Láyí fi ń wá sọ́dọ̀ òun ní gbogbo Sátidé.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Láyí, àbúrò Motọ́lání. Láti kékeré ni fòníkú-fọ̀ladìde, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀, ti ń bá a fà á. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ àìsàn náà le ju tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín. Ìyá rẹ̀ kò bá wọn lọ, nítorí òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Ilé ni ìyá náà, Lydia tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá Lydia, jókòó sí, ó kọjú sí ògiri. Motọ́lání ló da erùpẹ̀ fún ara rẹ̀, tó sì tún da ti ìyá rẹ̀. Nígbà tó yíjú padà, Morákinyọ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Motọ́lání wá a lọ sí Mushin. Ó fẹ́ mọ ohun tí àbúrò rẹ̀ ń ṣe ní àwọn Sátidé tó fi ń purọ́ fún wọn nílé pé ṣọ́ọ̀ṣì ni òun lọ.

"Inú rédíógíráàmù bàbá yín, àpótí rédíò àti àwo orin yẹn, ni Láyí ti tú ampilifáyà tó ń gbé ohùn sókè náà," ni Morákinyọ̀ wí. Ó gbé ìgò kékeré kan sókè. "Fáàfù nìyí. Iná inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná kí ó tó lè sọ̀rọ̀. Nítorí àwo orin ni wọ́n ṣe é, kí ohùn lè mọ́ tónítóní. Gìtá tí Láyí fẹ́ máa fi í ta kò fẹ́ kó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. A yọ ibi tí ohùn àwo ń gbà wọlé, a fi fáàfù kan kún un, a lu ihò fún wáyà gìtá."

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é fún un?"

"Ẹnu nìkan ni tèmi. Òun ló ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì tó ń lẹ wáyà mọ́ra. Ọwọ́ rẹ̀ a máa wú nígbà míì, àmọ́ kò ní jẹ́ kí n gbà á."

Motọ́lání tún wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó sì tún wá ní èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Díẹ̀díẹ̀, "ẹ" di "o" láàárín wọn.

"O rí i lọ́jọ́ yẹn pé bàtà mi kò jọra, o ò sì sọ."

"Mo rò pé bí àwọn ọmọ Surulere ṣe ń wọ̀ ọ́ nìyẹn."

Motọ́lání rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ikú náà. Ẹkún gba orí ẹ̀rín náà jáde. Morákinyọ̀ kò ní kí ó dákẹ́. Ó kàn sún àga rẹ̀ mọ́ tirẹ̀ títí ẹkún náà fi tán.

Ní oṣù keje lẹ́yìn ikú náà, Motọ́lání mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ pé àwọn fẹ́ fẹ́ra wọn. Ọdún márùndínlógójì ni Màmá Lydia fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé, ojú rẹ̀ sì ṣì ń bani lẹ́rù bíi ti olùkọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìrántí ikú ọkọ rẹ̀. Ó fẹ́ gbọ́ àwo orin kan, ó ṣí rédíógíráàmù, ó bá inú rẹ̀ lófìfo.

"Ìwọ lo tú u?"

"Èmi àti Láyí ni, Mà. Ó ní ẹ ti mọ̀ sí i."

"Ó purọ́ fún ẹ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, èmi àti bàbá wọn a jókòó sídìí àpótí yẹn. Ohun tó kù fún mi lára rẹ̀ nìyẹn." Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Dá a padà sí bó ṣe wà. Bí àwo bá tún dún níbẹ̀, wá tọrọ ohun tí o fẹ́ tọrọ. Bí kò bá dún, má tẹ ẹnu ọ̀nà yìí mọ́."

"Mo lè ṣe é, Mà."

Motọ́lání lé e bá ní ẹnu géètì. "O gbà?"

"Wọ́n pàdánù ọkọ, wọ́n pàdánù ọmọ. Kí lo fẹ́ kí n sọ?"

"Gbogbo ohun tí Láyí fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láyé, inú irin yẹn ló wà. Ṣé o máa tú u kí o lè fẹ́ mi ni?"

"Bí n kò bá tú u, n kò ní fẹ́ ọ."

"Bí o bá tú u ńkọ́?"

Motọ́lání ti géètì, ó wọlé. Láti ọjọ́ náà, kò gbé ìpè Morákinyọ̀ mọ́. Morákinyọ̀ gbé ampilifáyà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń sọ lójoojúmọ́ pé ọ̀la ni òun máa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Màmá Lydia fúnra rẹ̀ dé Mushin. Ó jókòó, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò.

"Bẹ̀rẹ̀. Mo ń wò ọ́."

Morákinyọ̀ dojú àpótí irin náà dé, ó ṣí ìdí rẹ̀, ó mú áyọ́ọ̀nù tó fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì. Ó kù díẹ̀ kí ó kan wáyà àkọ́kọ́, ìyá náà na ọwọ́.

"Dúró. Ta ló ṣe èyí tó rí kókó-kókó bí ìgbẹ́ ẹyẹ yìí?"

"Láyí ni, Mà."

"Èyí náà ńkọ́?"

"Òun náà ni. Ọjọ́ tí ọwọ́ bá ń dùn ún ni wọ́n máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo èyí tó dán yìí, ara rẹ̀ yá lọ́jọ́ yẹn."

Màmá Lydia wọ gíláàsì. Ìka rẹ̀ ń lọ láti orí kókó kan dé orí èkejì, láì fọwọ́ kàn wọ́n, bí ẹni tó ń ka ìwé ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ tó dára. Ọjọ́ tí kò dára. Ọjọ́ tí kò dára. Ọjọ́ tó dára.

"Kò sọ fún mi pé ọwọ́ ń dun òun."

"Ó ní ẹ ò ní jẹ́ kí òun jáde mọ́."

"Ǹ bá má jẹ́ kó jáde lóòótọ́." Ó nàka sí ampilifáyà náà. "Tan án."

Wọ́n dúró kí fáàfù gbóná. Morákinyọ̀ mú gìtá kan, ó ta ẹsẹ orin ìsìn kan.

"Ohùn rẹ̀ ha," ni ìyá náà wí.

"Bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, Mà."

"Bàbá rẹ̀ ì bá ní kí wọ́n yára pa á." Etí ẹnu rẹ̀ mì díẹ̀. "Gbé áyọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀. Má tú u." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ wo ni tìẹ?"

"AA ni mí, Mà."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín ń wí. AS ni Motọ́lání. Lọ ṣe àyẹ̀wò níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí o mú ìwé méjèèjì wá fún mi lọ́jọ́ Àìkú. Kí àwọn òbí rẹ bá ọ wá."

Nígbà ìpè kẹta tí Morákinyọ̀ pè é, Motọ́lání gbé fóònù. Ó ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Yaba sáré dé, ó bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí. Ó wo ìdí ampilifáyà náà, ó rí i pé kò sí wáyà kan tó kúrò ní ipò rẹ̀.

"Ṣé o ṣì ń bínú?" ni Morákinyọ̀ béèrè.

"Díẹ̀."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí a ó fi darúgbó. Ṣé o lè fara dà á?"

"Mo lè fara dà á."

Morákinyọ̀ mú ìdérí irin náà, ṣùgbọ́n kò tíì dé e. "Nídìí iṣẹ́ wa, Mà, a máa ń kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sínú kí a tó pa á dé." Ó na máákà dúdú kan sí ìyá náà.

Màmá Lydia fi etí ìró rẹ̀ nu eruku kúrò lára irin náà. Ó kọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ó ṣe máa ń kọ̀wé sára pátákó fún ọmọ kíláàsì kìíní: Ọláyíwọlá. Ó fi àmì sí ìdí gbogbo lẹ́tà tó yẹ. Lẹ́yìn náà ó tẹrí ba, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i títí ó fi gbẹ.