Ohùn Tó Jáde ní Pálọ̀

Ọjọ́ tí Ata kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà, díẹ̀ ló kù kó gbá a létí.

Iṣẹ́ gígé fíìmù ni Ata ń ṣe. Síkíríìnì mẹ́ta ló máa ń so mọ́ láptọ́ọ̀pù rẹ̀: fíìmù tó ń gé lọ́wọ́ wà lójú ọ̀kan, àwọn àwòrán tí kò tíì tò wà lójú èkejì, orí ẹ̀kẹta ló sì ti ń wo bí gbogbo rẹ̀ ṣe máa rí lójú òǹwòran. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó dé ọ́fíìsì, ó tan iná, síkíríìnì kan dúdú bí ìdí ìkòkò, àwọn méjì tó kù ń gbé àwòrán kan náà jáde bí ìbejì.

"Ta ló fọwọ́ kan tábìlì mi?"

Gbogbo ọ́fíìsì tẹ orí mọ́ iṣẹ́ wọn. Wọn ò ṣàdédé máa pè é ní Ata.

Ó wo ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù. Àpótí kékeré tó máa ń ki wáyà síkíríìnì sí ti pòórá. Wáyà ẹlẹ́nu méjì ló wà níbẹ̀, irú èyí tí kò mọ̀ ju kó pín àwòrán kan sí ọ̀nà méjì lọ. Ata wá àpótí rẹ̀ títí, ó bá a lórí tábìlì ọkùnrin tuntun kan. Ohùn fíìmù ni iṣẹ́ tirẹ̀, Etí ni wọ́n sì ń pè é, torí kò sí ariwo tó kéré jù fún un láti gbọ́.

"Ṣé ogún bàbá yín nìyẹn?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo rò pé kò sẹ́ni tó ń lò ó ni."

"Síkíríìnì mẹ́ta so mọ́ ọn, ẹ ní kò sẹ́ni tó ń lò ó! Ṣé ẹ ò ríran ni?"

"Etí ni mí, Àǹtí. Wọn ò gbà mí síṣẹ́ ojú."

Ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ata fẹ́ bú u, ẹ̀rín ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Etí fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí náà padà, ó wọ abẹ́ tábìlì, ó ń ki wáyà bọ ihò bí Ata ṣe ń júwe. Nígbà tó fi máa jáde, eruku ti bo irun rẹ̀, inú Ata sì ti rọ̀.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o, pẹ̀lú ìjà. Ọkùnrin náà ṣèèyàn. Bí Ata bá kí i lórí fóònù, ó ti mọ̀ bóyá ó jẹun tàbí kò jẹun. Nígbà tí Ata bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ láti ilé, Etí ra fóòmù, ó fi bo ògiri yàrá iṣẹ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó sì fi rọ́bà yí ilẹ̀kùn ká.

"Ọkàn mi, tó o bá ti ti ilẹ̀kùn yìí, wọn ì báà máa wó pálọ̀, o ò ní gbọ́."

Ata sunkún lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó tíì bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àfi ìgbà tí ìyá Etí wá wo ilé ìyàwó àfẹ́sọ́nà. Màmá yọjú wo yàrá náà, ó rí síkíríìnì mẹ́ta, ó rí wáyà, ó yọ ṣùtì ètè.

"Ṣé obìnrin la fẹ́ fẹ́ ni, àbí ṣọ́ọ̀bù tẹlifíṣọ̀n? Níbo lọmọ máa jókòó sí?"

Ata wo Etí. Etí rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ ra orí. Ó bá Màmá lọ síta, kò fèsì kankan. Inú bí Ata débi pé kò gbé fóònù rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

"Olówó orí mi lọ́la," ni Ata wí nígbà tí Etí wá bẹ̀ ẹ́, "ọ̀rọ̀ ìyá ẹ kọ́ ló dùn mí. Dídákẹ́ ẹ ló dùn mí. Iṣẹ́ yìí ni mo fi dèèyàn. Bó o bá fẹ́ mi, tòun tiṣẹ́ mi lo fẹ́."

"Mo ti bá Màmá sọ ọ́, ìfẹ́ mi. Mo ní iṣẹ́ ẹ ò níbi tó ń lọ. Ọ̀rọ̀ ti parí."

Ata gbà á gbọ́. Èèyàn tó fi fóòmù bo ògiri fún ọ, ta ni kò ní gbà á gbọ́?

Ọjọ́ ìpàdé ẹbí méjèèjì pé. Ilé Ata ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é. Ata àti bàbá àti ìyá rẹ̀ ti jókòó sí pálọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá Etí àtàwọn ẹbí rẹ̀ ṣì wà lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n Etí obìnrin tó wà lókèèrè ló máa wo ìpàdé látorí láptọ́ọ̀pù. Ata ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú wáyà síkíríìnì mẹ́ta rẹ̀, torí náà Etí fa wáyà gígùn kan látinú yàrá iṣẹ́, ó fà á gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ó fi so tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù gẹ́gẹ́ bí ìkẹrin.

"Ẹ jẹ́ n pe ẹ̀gbọ́n mi, kí n yẹ̀ ẹ́ wò," ló wí. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Lójú tẹlifíṣọ̀n, àwòrán òdòdó ojú láptọ́ọ̀pù lásán ni wọ́n rí. Ohùn ẹ̀gbọ́n Etí ló ṣàdédé jáde.

"Mo ń gbọ́ ẹ. Ṣé ìwọ ò gbọ́ mi ni?"

Gbogbo ohùn láptọ́ọ̀pù ti bá wáyà gígùn yẹn wá sí pálọ̀. Etí tó mọ ohùn bí ẹni mowó ti gbàgbé pé bí a bá so tẹlifíṣọ̀n mọ́ láptọ́ọ̀pù, ohùn lè bá àwòrán lọ. Ó jókòó sínú fóòmù, ó ń wo ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń mì, kò gbọ́ kiní kan.

"Mo ní, ṣé ọ̀rọ̀ ìwọ àti Màmá ṣì dúró?" ni ohùn náà ń bá a lọ. "Ọ̀rọ̀ síkíríìnì! O ṣèlérí fún wọn pé tí ìyàwó bá ti wọlé tán, o máa tà wọ́n, kó lè jókòó tọ́mọ."

Ìyá Ata nawọ́ sí rìmóòtù. Bàbá gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́."

"O ò tún gbọ́? Ó dáa, mo máa pariwo. O máa tà wọ́n! Obìnrin yẹn á fi iṣẹ́ sílẹ̀! Ṣé o ti wá gbọ́ báyìí?"

Ata ti gbọ́. Ó dìde.

Ilẹ̀kùn ṣí, Etí sáré jáde. "Kò sóhùn níbẹ̀ yẹn o. Àbí ohùn kankan jáde níbí?"

Bàbá yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ó jáde, ọmọ mi. Ó já gaara."

Ojú Etí wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ tá a ní kí bàbá má gbọ́, bàbá náà ni yóò parí rẹ̀.

"Ìfẹ́ mi, mo fẹ́ fi tu Màmá nínú ni. Mi ò ní tà wọ́n."

"Èwo nínú wa lò ń parọ́ fún? Èmi ni, àbí ìyá ẹ?"

"Màmá ni! Màmá ni mo parọ́ fún."

"Ó dáa. Pè wọ́n báyìí, kí wọ́n tó dé. Níbí, kí gbogbo wa gbọ́."

"Ọmọ mi, fara balẹ̀," ni ìyá Ata ń bẹ̀. "Ọkùnrin wo ni kì í fẹnu dídùn tan ìyá rẹ̀? Ẹ ó yanjú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá délé."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ilé náà gan-an ni mò ń rò."

Etí mú fóònù. Ó wo ojú gbogbo wọn. "Ẹ jẹ́ n pè wọ́n níta. Ariwo ti pọ̀ jù níbí."

Kò sẹ́ni tó ń pariwo.

Ata dúró lẹ́yìn gíláàsì fèrèsé, ó ń wò ó. Kò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo àwòrán tí kò lóhùn. Ó rí i tó ń mi orí, ó rí i tó ń fọwọ́ ra orí bó ṣe ṣe lọ́jọ́ tí Màmá wá wo yàrá iṣẹ́. Ó wá rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń jẹ́wọ́ irọ́ fún ìyá rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ yẹn.

Etí wọlé. "Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní kò burú."

"Tún wọn pè. Jẹ́ kí n gbọ́ tí wọ́n sọ pé kò burú."

Etí ki fóònù bọ àpò. Omi dà lójú rẹ̀. "Jẹ́ ká ṣègbéyàwó ná, ọkàn mi. Tó bá yá, Màmá á gbà."

Ata fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bí i nínú jù. Ká ní kò fẹ́ràn rẹ̀ ni, ẹ̀rín ni ì bá fi rín. Ó bọ́ òrùka àdéhùn tí Etí fi sí i lọ́wọ́, ó fi lé e lọ́wọ́, ó pa ìka rẹ̀ dé lé e lórí.

"Máa lọ. O gbọ́ gbogbo ohùn ayé, o ò gbọ́ tèmi."

Ó lọ. Bàbá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá Ata bú sẹ́kún.

Ata wọ yàrá iṣẹ́, ó fọwọ́ kan fóòmù ògiri, ó sì fa wáyà gígùn náà yọ kúrò lára láptọ́ọ̀pù. Síkíríìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún tàn. Ohùn ti padà síbi tó yẹ kó wà. Ẹ̀gbọ́n Etí ṣì jókòó níbẹ̀, ó ń na ọrùn wò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti ń gbọ́ mi báyìí?"

"A ń gbọ́ yín, Àǹtí," ni Ata wí. "Ẹ bá mi sọ fún Màmá kí wọ́n padà lọ́nà. A ti ń gbọ́ yín látàárọ̀."