Ẹgbẹ́ Markham Road àti Owú Àlàmú

Irọ́ ni Àlàmú fi bẹ̀rẹ̀ ìfẹ́ tirẹ̀. Irọ́ kékeré ni, àmọ́ irọ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì tó dé kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Scarborough, ní Canada, láti Ìbàdàn, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ orin wọ ẹgbẹ́ olórin kan. Ó dúró síwájú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ó ń wá ibi tí àyè ṣì wà. Ọmọbìnrin kan tó gbé gòjé òyìnbó kọ́ èjìká dé, ó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ẹgbẹ́ bluegrass: Fọláyẹmí Adésànyà. Ó yíjú sí Àlàmú.

"We need a bass player. Báàsì ńlá yẹn, èyí tí wọ́n máa ń gbé dúró. Can you play it?"

"Báàsì kẹ̀? Láti kékeré ni mo ti ń ta á!"

Gìtá báàsì inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ń ta láti kékeré. Báàsì tó ga ju ènìyàn lọ yìí, kò fọwọ́ kàn án rí, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ bluegrass. Àmọ́ ọmọbìnrin náà ti rẹ́rìn-ín, Àlàmú sì ti kọ orúkọ sílẹ̀.

Àṣírí tú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí orin kan tó parí. Lọ́jọ́ kejì Fọláyẹmí mú téèpù funfun wá, ó gé e wẹ́wẹ́, ó sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn báàsì náà níbi tí ìka gbọ́dọ̀ tẹ̀.

"Opùrọ́," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sí i létí. "Put your finger here."

Ọjọ́ yẹn ni Àlàmú kó sínú ìfẹ́, kò sì wá ọ̀nà àtijáde.

Orin àwọn ará orí òkè Amẹ́ríkà ni bluegrass. Kò sí ìlù níbẹ̀. Báàsì ni ìlù wọn. Bí báàsì bá yára, gbogbo ẹgbẹ́ á yára, bó bá falẹ̀, wọ́n á falẹ̀. Hameedah tó ń ta gìtá ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, òun náà ló sọ ẹgbẹ́ wọn ní Markham Road.

Lẹ́yìn ìdánrawò, Àlàmú àti Fọláyẹmí máa ń jọ dúró de bọ́ọ̀sì. Àlàmú á sọ Yorùbá, Fọláyẹmí á fi Gẹ̀ẹ́sì tó lú mọ́ Yorùbá dáhùn. Lọ́jọ́ tí òtútù kọ́kọ́ mú gan-an, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan fún Àlàmú.

"O ṣé, àyànfẹ́ mi."

"What does that mean?"

"Lọ bi mọ́mì ẹ."

"Mọ́mì mi kẹ̀? Not yet o!"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àlàmú lákínyẹmí ara. Ṣé òun kò tó ẹni tí à ń fi han ìyá ni?

Ìgbà náà ni Babáfẹ́mi dé sínú ẹgbẹ́. Ọmọ àdúgbò Downsview ni, ó mọ bánjò ta bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ àti ìyá Fọláyẹmí ló jọ dé Canada nígbà ìjọba ológun. Ó ga, ó ní mọ́tò, ohùn rẹ̀ sì dùn. Kí ló kù?

Ohun tó kù ni máìkì. Àṣà bluegrass àtijọ́ ni pé máìkì kan ṣoṣo ni gbogbo ẹgbẹ́ ń lò. Ẹni tó bá kàn á sún mọ́ ọn, ẹni tó bá ṣe tán á sún sẹ́yìn. Bí ẹni méjì bá jọ ń kọrin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Báàsì ńkọ́? Ẹ̀yìn ni tirẹ̀.

Láti ẹ̀yìn ni Àlàmú ti ń wo etí Babáfẹ́mi àti etí Fọláyẹmí. Ó ń jowú, ẹ má jẹ́ ká pè é lórúkọ mìíràn.

"Mo lè bá wa wá máìkì kejì," ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Hameedah bú sẹ́rìn-ín. "Àlàmú, ìyẹn kì í ṣe bluegrass mọ́. Ṣé orin ló ń dùn ọ́ àbí nǹkan mìíràn?"

Ọjọ́ Sunday kan, wọ́n lọ ṣe ìdánrawò nílé àwọn Fọláyẹmí ní Ajax. Ìyá rẹ̀, Auntie Bọ́ládé, bu ìrẹsì fún wọn. Ẹja méjì ló wà lórí ti Babáfẹ́mi, ẹyọ kan lórí ti Àlàmú.

"Àlàmú, pépà ìgbé Canada ńkọ́? Ó ti jáde?"

"Rárá, mà. Ilé ìwé ni mo ṣì wà."

"Hm. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, pépà ni wọ́n ń fẹ́, wọn kì í fẹ́ ọmọ." Auntie Bọ́ládé yíjú sí Babáfẹ́mi, ojú wọn tàn. "Ohùn ìwọ àti Fọláyẹmí bára mu bíi tọkọtaya!"

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹja Àlàmú kò wọlé mọ́.

Nínú oṣù December, ní ọ̀sán Saturday kan, wọ́n ṣeré ní gbọ̀ngàn kọ́lẹ́ẹ̀jì. Auntie Bọ́ládé wà ní ìlà iwájú. Nǹkan ń lọ dáadáa títí ó fi kan orin ìkẹyìn, orin ìfẹ́ kan tó ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí Fọláyẹmí fúnra rẹ̀ kọ. Òun àti Babáfẹ́mi sún mọ́ máìkì. Ẹsẹ mẹ́rin ni orin náà.

Àlàmú ka ẹsẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kàn, ó rí i pé òun kò lè fara dà á. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Kò pète rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí orin parí, kí wọ́n kúrò lára ara wọn. Bánjò sáré tẹ̀ lé e, gìtá sáré. Babáfẹ́mi gbàgbé ọ̀rọ̀ orin. Gòjé Fọláyẹmí han goro. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Fọláyẹmí bojú wẹ̀yìn, ọwọ́ Àlàmú ló wò.

Nínú kọ́rídọ̀ ló ti ká a mọ́.

"You rushed it. Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ kí o kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."

"Àlàmú, kí lo rò pé mo pe mọ́mì mi wá wò? After that song, mo fẹ́ mú ẹ lọ bá wọn. Mo fẹ́ sọ pé ìwọ ni. Bí mo bá wà nídìí máìkì yẹn, mi ò gbọ́ Babáfẹ́mi o. Ìwọ ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn mi."

Ó gbé gòjé rẹ̀, ó lọ. Babáfẹ́mi ní òun kò ṣe mọ́. Bí ẹgbẹ́ Markham Road ṣe tú ká nìyẹn, wọn kò pé oṣù mẹ́rin.

Àlàmú pe Fọláyẹmí títí, kò gbé e. Ó lo gbogbo January pẹ̀lú báàsì, ó ń ta orin kan ṣoṣo yẹn bó ṣe yẹ kó lọ. Nínú oṣù February, ó yá báàsì náà lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ajax. Àwọn èrò ń wò ó bí ẹni tó gbé àga lọ sí òde.

Auntie Bọ́ládé ló ṣílẹ̀kùn. Àlàmú fi báàsì ti ògiri, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú yìnyín.

"Ẹ forí jì mí, mà. Èmi ni mo ba orin ọmọ yín jẹ́. Owú ni mo jẹ."

"Owú? Owú ta ni?"

"Ti Babáfẹ́mi, mà. Mo nífẹ̀ẹ́ Fọláyẹmí. Mi ò wá pépà wá síbí. Bí ẹ bá ní kí n lọ, mo máa lọ."

Ìyá náà wò ó títí. Ọmọ tó ń wá pépà kì í ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Dìde, kí òtútù má pa ọ́ sí mi lọ́rùn. Fọláyẹmí! Mú gòjé ẹ wá. Orin tí wọ́n bà jẹ́ lójú mi, ojú mi náà ni wọ́n á ti tún un ṣe."

Fọláyẹmí sọ̀kalẹ̀ wá. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó wo ọrùn báàsì: àwọn téèpù funfun rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

"You don't need those anymore," ó wí.

"Mo mọ̀."

Ó gbé gòjé sí èjìká. Kò sí máìkì ní pálọ̀, kò sí iwájú, kò sí ẹ̀yìn. Ó wá dúró síwájú Àlàmú gan-an, ó kọjú sí i, ó sì kọrin. Àlàmú ta báàsì jẹ́jẹ́. Ní ẹsẹ kẹta ó rọra fà á sẹ́yìn díẹ̀, ní ẹsẹ kẹrin ó tún fà á, nítorí kò fẹ́ kó parí.

"Àlàmú!" Auntie Bọ́ládé kígbe láti orí àga wọn. "Ó ti falẹ̀ jù báyìí o! Ṣé ẹ fẹ́ sun ibí ni?"

Ẹ̀rín gba orin mọ́ Fọláyẹmí lẹ́nu. Ó wo ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì," ó wí, "kí ni àyànfẹ́?"